Iná tí Àǹtí Mọ́láyọ̀ Fi Ránṣẹ́

Ọ̀mù-Àrán,
Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kejì, 2025.

Àǹtí mi Mọ́láyọ̀,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo kọ̀wé sí yín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti ń kọ ọ́ tí mo sì ń pa á rẹ́, nítorí mo mọ̀ pé ẹ kì í sinmi, àti pé gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé láti ilé, nǹkan ló fẹ́ tọrọ. Èmi náà fẹ́ tọrọ nǹkan. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé ìkíni ni mo fi ń bo ojú rẹ̀.

Ẹ kú òtútù. Ẹ kú ìrọ́jú. Bàbá wà dáadáa ní Èsìẹ́. Ilé-ìwé le fún mi díẹ̀. Nínú kíláàsì, ó dà bí ẹni pé èmi nìkan ni n kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ, ṣùgbọ́n bóyá gbogbo wa ni.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Muaz, ọmọ Share tí a jọ ń gbé yàrá kan, ní kámẹ́rà. Ní òpin ọ̀sẹ̀, a máa ń lọ ya fídíò ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Agbamu, jẹnẹrétọ̀ kú bí ọkọ àti ìyàwó ṣe gbé ọ̀bẹ lé kéèkì. Wọ́n ti fi aṣọ bo gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn náà, ó wá ṣókùnkùn bí inú àká. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi sí wọn. Ìyá ìyàwó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló sọnù sójú ọmọ mi tí ẹ̀ ń fi tọ́ọ̀ṣì wá?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Muaz náà rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rí i rín.

Iná fídíò kan wà, iná LED tó ń lo bátìrì, tí èèyàn lè gbé lọ síbikíbi. Muaz ní kámẹ́rà. Bí mo bá ní iná, n kò ní jẹ́ ẹni tó kàn ń gbé báàgì tẹ̀lé e mọ́. Bí kò bá rọrùn, ẹ má dáhùn rárá, ó máa yé mi.

Àbúrò yín,
Ìmísí.


Winnipeg,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, Oṣù Kejì, 2025.

Ìmísí,

Mo kí ọ o. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ fún ọ pé kí o yé tọrọ ìdáríjì kí o tó sọ̀rọ̀? Ọmọ ìyá rẹ ni mí, n kì í ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá. Ó sì dára tí o kọ ọ́ sílẹ̀. Ohùn tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù yẹn, n kì í rí àyè gbọ́ ọ. Lẹ́tà ni mo lè kà nínú bọ́ọ̀sì tí mo bá ń lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó.

Mo ti wo àwọn iná náà lórí fóònù. Wọ́n pọ̀ jù. Kọ èyí tí o fẹ́ sí mi, kí o sì sọ ìdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n o kọ pé "Bàbá wà dáadáa," o sì kọjá lọ. Ṣé ìròyìn nìyẹn? Ṣé ó rù ni? Ṣé ó ṣì ń gun ọ̀kadà lọ sóko? Ọdún márùn-ún ni mo ti wà níbí, Bàbá kò gbà kí n rí ojú òun lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun kò lè máa wo ọmọ òun nínú gíláàsì bí ẹni ń wo fọ́tò òkú. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Nísinsìnyí, "Mọ́láyọ̀, ṣé dáadáa ni?" ló ń sọ, bí ẹni ń kí àlejò. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ibí. Bí mo bá jáde kí wọ́n tó dáhùn, n kò ní lè wọlé mọ́. Ìkíni Bàbá yẹn ti mọ́ mi lára, àmọ́ kò tíì yé mi.

Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ. Ya ọdún eégún ilé wa fún mi nínú Oṣù Karùn-ún, láti ìgbà tó bá jáde títí dé ibi tó ti ń súre fún àwọn ọmọ obìnrin ilé. Má fo ibẹ̀. Nítorí náà, iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa ni kí o yàn.

Mọ́láyọ̀.


Ọ̀mù-Àrán,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, Oṣù Kejì, 2025.

Àǹtí mi,

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ forí jì mí lórí ọ̀rọ̀ Bàbá. Kò rù. Ó ṣì ń gun ọ̀kadà, ó sì ṣì ń bá ọ̀kadà náà jà.

Oríṣi iná mẹ́ta ni mo rí, mo sì ti fi wọ́n da ara mi láàmú. Ọ̀kan kéré bíi páálí ìṣáná, orí kámẹ́rà ló máa ń jókòó sí. Kò wúwo, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í kọjá ojú ẹni méjì. Ọ̀kan gùn bí ọ̀pá, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ dì í mú. Níbi tí èrò bá ti ń ti ara wọn, ó lè gbá èèyàn lórí, ó sì dájú pé èmi ni màá fi gbá a. Èyí tó kù fẹ̀ bí ìwé tí a fi ń kọ nóòtì, bátìrì méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ní ike funfun kan tí wọ́n fi ń bo ojú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ náà lè rọ̀. A lè yí i kó pọ́n bí iná àtùpà tàbí kó funfun. Èyí ṣe pàtàkì, torí iná tó bá funfun jù máa ń sọ ojú àwa aláwọ̀ dúdú di bí ẹni tí eérú bò.

Ọkàn mi lọ sí kékeré yẹn. Muaz ní, "Ìmísí, iná tí wọn ò ní fi rí ẹ lo ń wá." Bóyá òótọ́ ni. Bí èèyàn bá gbé iná ńlá dání, gbogbo ojú a yí sí i. Tí nǹkan bá sì bàjẹ́, gbogbo wọn á ti mọ ẹni tó gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yàn án. Bí mo bá yàn án fúnra mi, màá ṣì í yàn.

Ìmísí.


Winnipeg,
Ọgbọ̀n ọjọ́, Oṣù Kẹta, 2025.

Ìmísí,

Má bínú pé mo pẹ́. Àwọn arúgbó méjì kú lọ́wọ́ wa lóṣù yìí, mo sì ń ṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ tèmi.

Èyí tó fẹ̀ ni mo rà. Ìyá Iyìolúwa, ará Ọ̀fà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ń bọ̀ wálé lẹ́yìn Àjíǹde, òun ló máa gbé e wá. Inú báàgì ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn bátìrì wà, torí wọn kì í jẹ́ ká kó wọn sínú ẹrù. O lè fi páwà báǹkì ṣáájì wọn bí kò bá sí iná.

Má fi ìbẹ̀rù gbé e. Lọ́jọ́ ọdún, yọ ike funfun yẹn kúrò. Mo fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ kedere.

Mọ́láyọ̀.


Ọ̀mù-Àrán,
Ọjọ́ kẹta, Oṣù Karùn-ún, 2025.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Iná ti dé. N kò mọ bí màá ṣe dúpẹ́ tí kò ní dà bí ìgbà tí mo ń tọrọ. A kọ́kọ́ lò ó níbi yìgì Aliyyah, ẹ̀gbọ́n Muaz, ní Share. Nígbà tí mo tàn án, Àfáà ní, "Ọmọ, ṣé oòrùn lo gbé wá bá wa ni?" Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí fídíò náà, wọ́n ní ojú Aliyyah ń dán bí epo. Muaz ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé àwa méjì la jọ ni iṣẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni ọdún. Bàbá Bámigbóyè, olórí ilé, gbà pé kí n yà á, wọ́n ní kí n ṣáà má sún mọ́ ọn jù. Bàbá wa kò ní sí nílé. Bó ti máa ń ṣe, oko wa ní Ìjàrà ló máa lọ wò lọ́jọ́ náà. Ẹ bá mi gbàdúrà kí n má ṣe ohun tí kò yẹ.

Ìmísí.


Winnipeg,
Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Karùn-ún, 2025.

Ìmísí,

Ó di ọjọ́ kẹjọ lónìí. Fídíò mi ńkọ́? Mo ti sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n bá mi di ipò mi mú fún wákàtí kan lọ́jọ́ tó bá dé, kí n lè jókòó wò ó.

Mọ́láyọ̀.


Ọ̀mù-Àrán,
Ọjọ́ kọkànlélógún, Oṣù Karùn-ún, 2025.

Àǹtí mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, omi sì wọ inú mẹ́mọ́rì kámẹ́rà. Ó ti bàjẹ́, kò ṣí mọ́. Mo máa ya ti ọdún tó ń bọ̀ dáadáa. Ìdánwò wa kù sí dẹ̀dẹ̀, ìdí nìyí tí lẹ́tà yìí fi kúrú.

Ìmísí.


Winnipeg,
Ọjọ́ kìíní, Oṣù Kẹfà, 2025.

Ìmísí,

Mo kí ọ, ṣùgbọ́n ìkíni náà kò dé ikùn.

Ọ̀ṣuntóyìn, ọmọ àbúrò Bàbá, pè mí. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọdún gan-an, o fi ìbẹ̀rẹ̀ fídíò náà han òun lẹ́yìn kámẹ́rà, ó sì mọ́ gaara. Mẹ́mọ́rì wo ló bàjẹ́ fún mi tó dára fún Ọ̀ṣuntóyìn? Ó tún ní ẹ wá ya ìsọmọlórúkọ kan ní Èsìẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, o kò gbé iná kankan dání. Nígbà tó bi ọ́, o ní orí ń fọ́ ọ. Ṣé o ti tà á ni?

Ìmísí, níbi tí mo wà yìí, àwọn bàbá tí kì í ṣe bàbá mi ni mo ń wẹ̀. Mo ń gé èékánná wọn. Mo ń bu ọ̀bẹ̀ sí wọn lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo ni mo tọrọ láti ilé. N kò tọrọ èlùbọ́, n kò tọrọ gààrí.

Bí Àìkú tó ń bọ̀ bá kọjá tí n kò rí fídíò yẹn, Bàbá ni màá pè, kí ó bi ọ́ fúnra rẹ̀.

Mọ́láyọ̀.


Ọ̀mù-Àrán,
Ọjọ́ keje, Oṣù Kẹfà, 2025.

Àǹtí mi,

Mo parọ́ fún yín. Mẹ́mọ́rì kò bàjẹ́. N kò sì ta iná yín, ó wà lábẹ́ ibùsùn mi, mo fi ẹ̀wù wé e. N kò lè tàn án mọ́.

Mo máa sọ ìwọ̀n tí mo lè sọ. Lọ́jọ́ náà, bí eégún ṣe jáde ni òjò bẹ̀rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ti rin gbindin kí gbogbo wa tó sá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ńlá. Ẹ mọ̀ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kò ní fèrèsé. Mo tan iná. Ẹ ti ní kí n yọ ike funfun, mo sì yọ ọ́. Èrò ń tì mí láti ẹ̀yìn, mo sún mọ́ ọn ju bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe lọ. N kò rí nǹkan kan nígbà náà, torí ojú kámẹ́rà kéré. Ìgbà tí mo padà dé Ọ̀mù-Àrán tí mo wò ó lórí láptọ́ọ̀pù ni mo rí ohun tí iná náà ṣe sí aṣọ tó tutù.

Ohun tó ṣe yẹn ni n kò lè kọ sí yín. Ẹ jẹ́ obìnrin. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n mú mi wọ igbàlẹ̀ eégún, mo sì ti búra kí n tó mọ ohun tí ìbúra jẹ́.

Ẹ wò ó, Àǹtí. Bí mo bá fi ránṣẹ́ sí yín, mo ti da ilé. Bí n kò bá fi ránṣẹ́, ẹ máa pe Bàbá. Bí ẹ bá pe Bàbá, ó máa bi mí, n kò sì lè parọ́ lójú Bàbá. Àwọn àgbà á ní kí n gbé e wá kí àwọn wò ó. Aṣọ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, wọ́n máa ń ká a sínú àpótí ni. Kò ní jáde mọ́ láéláé, ẹni tí aṣọ náà sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ kò ní jó mọ́. Aṣọ baba ńlá wa ni, èmi ló sì máa jẹ́ ẹni tó pa á.

Muaz ń béèrè mẹ́mọ́rì náà fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní n kò rí i. Inú bàtà mi ló wà, mo sì ń wọ bàtà náà lọ sí kíláàsì. Bí mo bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń gbọ́ ọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ọdún, Bàbá dé láti Ìjàrà. A jọ ń jẹun. Ó ní, "Wọ́n ní iná rẹ yẹn mọ́lẹ̀." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó tún bu òkèlè kan. N kò mọ ohun tó mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é.

Ìmísí.


Winnipeg,
Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kẹfà, 2025.

Ìmísí, àbúrò mi,

Fọkàn balẹ̀. N kò ní pe Bàbá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Forí jì mí pé mo bi ọ́ bóyá o tà á.

Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ọ. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọn kò tíì bí ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, mo fọ́ gíláàsì àtùpà, Bàbá sì nà mí. Mo kọ oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, Bàbá lọ sí oko Ìjàrà. Nígbà tí eégún dé, gbogbo àwa obìnrin kúnlẹ̀, ó ń súre lọ láti orí dé orí. Nígbà tó kàn mí, ó dúró. Ọwọ́ kan yọ lábẹ́ aṣọ, ó fi ègé iṣu sísun kan tí wọ́n fi ewé wé sí mi lọ́wọ́. Iṣu náà ṣì gbóná.

Ìmísí, ará ọ̀run wo ló mọ̀ pé n kò jẹun láàárọ̀?

Mo wo ìyá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ìyá wa wo ilẹ̀. Ó ní, "Jẹ ẹ́, kí o sì dákẹ́." Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé àwa obìnrin ní awo tiwa: ká mọ̀, ká má sọ. Ọdọọdún ni oko Ìjàrà ń pe Bàbá lọ́jọ́ ọdún. Ọdọọdún ni ìyá wa ń gbé oúnjẹ pamọ́ dè é, kò sì bi í lẹ́ẹ̀kan rí pé kí ló kórè.

Iná náà rí inú àwọ̀n ojú aṣọ, àbí? Má dá mi lóhùn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o mú èyí tó mọ́lẹ̀. N kò wá ojú. Ìrìn ni mo fẹ́ rí, àti bó ṣe máa ń yí èjìká sí òsì kó tó súre. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹni náà fi lè jẹ́ kí n rí òun nìyẹn, tí kò sì ní mọ̀ pé mo rí òun. N kò ka òjò mọ́ ọn. Èmi ni mo ní kí o yọ ike yẹn, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ.

Má fi ránṣẹ́. Kò yẹ kó wà lọ́dọ̀ mi, kò yẹ kó wà níbì kankan. Pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n kí o tó pa á rẹ́, wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i fún mi. O mọ ibi tí mo máa ń kúnlẹ̀ sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín Ọ̀ṣuntóyìn àti ògiri. Nígbà tó dé ibẹ̀, kí ló ṣe? Èyí nìkan ni kí o kọ.

Mọ́láyọ̀.


Ọ̀mù-Àrán,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Àǹtí mi,

Inú ilé ìwẹ̀ ni mo ti ka lẹ́tà yín, torí Muaz wà nínú yàrá. Ìbéèrè tí ẹ ní kí n má dáhùn, n kò dáhùn rẹ̀.

Lánàá ni Muaz lọ sí Share. Mo ti ilẹ̀kùn, mo yọ mẹ́mọ́rì náà nínú bàtà, mo wò ó.

Ará ọ̀run súre dé orí Ọ̀ṣuntóyìn. Ẹ mọ ohùn rẹ̀, ohùn tó há bí ti ẹni tó gbé òkúta mì. Lẹ́yìn Ọ̀ṣuntóyìn, ògiri ló kù. Òjò ti lé gbogbo èèyàn wọlé, wọ́n fún pọ̀ débi pé àwọn kan ń kúnlẹ̀ lórí aṣọ ara wọn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ sí àlàfo yẹn. N kò mọ ẹni tó fi í sílẹ̀. Mo rò pé kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kan.

Ó dúró níbẹ̀. Ó yí èjìká sí òsì. Ó na ọwọ́ sórí ibi tí kò sí ènìyàn, níwọ̀n ibi tí orí yín máa wà bí ẹ bá kúnlẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Bàbá Bámigbóyè wú ikọ́ kó lè kúrò, kò kúrò. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Èmi náà kò gbọ́, òjò nìkan ló ń dún lórí páànù. Ṣùgbọ́n iná náà rí i. Ẹnu là, ó sì pa dé, lẹ́ẹ̀mẹta, láìsí ohùn. Mo dá fídíò náà dúró. Mo lọ sí iwájú dígí, mo pe orúkọ tó wá sí mi lọ́kàn fúnra mi kí n lè rí bí ẹnu ṣe ń ṣe. Bákan náà ni.

Àbẹ̀kẹ́ ni. Lẹ́ẹ̀mẹta.

Lẹ́yìn náà, mo pa á rẹ́. Mo ya ògiri yàrá wa títí mẹ́mọ́rì náà fi kún, kó má baà sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè hú jáde níbẹ̀. Mo sì gbé iná jáde lábẹ́ ibùsùn. Mo ti fi òwú di ike funfun rẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí. N kò lè sọ fún Bàbá pé mo rí i, ẹ ò sì lè sọ fún un pé ẹ mọ̀. N kò rò pé ọ̀nà kankan wà tí ọ̀rọ̀ yìí lè gbà jáde láàárín àwa mẹ́ta.

Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, bí ẹ bá ka lẹ́tà yìí tán, ẹ pa á rẹ́. Ẹ má kà á sókè nínú bọ́ọ̀sì, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó gbọ́ èdè wa níbẹ̀. Ẹ má sọ fún Ọ̀ṣuntóyìn pé mo kọ ọ́. Bí ẹ bá sì pe Bàbá lọ́la, ẹ ṣáà bi í bí oko Ìjàrà ṣe ṣe dáadáa tó lọ́dún yìí.

Ìmísí.